Ẹ Fi Ọ̀nà Sílẹ̀ fún Omi: Ọ̀rọ̀ Adágún Alámọ̀ Kan ní Ilẹ̀ Ṣábẹ̀



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ Ṣábẹ̀ rí mọ bí ojú ilẹ̀ ti ń rí nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá wọlé. Odò Ouémé wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, odò Okpara tí ó pààlà láàrín wa àti Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n láàrín àwọn méjèèjì, àwọn odò kéékèèké tí ń hó yèè nígbà òjò a gbẹ títí yóò fi ku iyanrìn àti òkúta. Àpáta ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, omi kì í sì pọ̀ nínú àpáta àfi níbi tí ó bá ti sán. Ti àwọn ará wa ní Kétu yàtọ̀ díẹ̀: omi wà lábẹ́ ilẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ó jìn tóbẹ́ẹ̀ tí apá ẹni tí ń gbẹ́ kànga fi lè má ká a. Nítorí náà, bí àwọn àgbà abúlé bá péjọ láti kọ ohun tí wọn yóò tọrọ lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́, ẹ ó rí i pé bàráàjì kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn. Kì í ṣe bàráàjì ńlá tí ń fúnni ní iná mànàmáná ni wọ́n ń sọ. Ògiri amọ̀ kékeré ni, tí a fi sé odò abúlé kí omi òjò má baà bá ti rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan wà tí a mọ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ń gbà kọjá nígbà tí a bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìletò tí ó wà níwájú. A kò ní dárúkọ abúlé tí ó ni ín. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbọ́ èébú tó lórí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Ògiri náà kò ju 80 ìṣísẹ̀ lọ ní gígùn. Ní àárín, níbi tí ó ti ga jù, ó tó ènìyàn méjì tí ọ̀kan dúró lé èkejì léjìká. Adágún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tóbi, ọmọkùnrin tí apá rẹ̀ le lè sọ òkò kọjá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ò bá rí i ní kùtùkùtù! Igi gbígbẹ kan wà tí ó dúró sínú omi, àwọn lékèélékèé a bò ó títí yóò fi dà bí ẹni pé ó yọ òdòdó funfun. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fi ń rìn lórí ewé oṣíbàtà láì rì. Òmíràn kéré, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, aláwọ̀ aró ni. Yóò jókòó jẹ́ẹ́ lórí koríko, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti já bọ́ sínú omi bí òkò, ó sì ti gbé ẹja. Bí oòrùn bá yọ díẹ̀, àwọn awó a tò wá mumi, àparò a tẹ̀ lé wọn. Nínú ẹrẹ̀ etí omi a ti rí ẹsẹ̀ ìgalà, ẹsẹ̀ ọ̀yà, àti ibi tí awọ́nríwọ́n wọ́ ìrù rẹ̀ gbà. Bí alẹ́ bá lẹ́, kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré a bẹ̀rẹ̀ orin tiwọn, ẹni tí ó bá sùn nítòsí kò ní gbádùn oorun. Kò sí ẹni tí ó kó àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí wá. Wọ́n gbúròó omi, wọ́n sì wá.

Ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní abúlé náà ra ọmọ epìyà, ó dà wọ́n sínú omi, ṣùgbọ́n àrọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ bí àwa náà ti ń mí in. Ní òru tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí ilẹ̀ tutù, ó lè fi lẹbẹ àyà rẹ̀ wọ́ ara láti inú kòtò kan bọ́ sínú òmíràn. Epìyà kò lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Akọ a gbẹ́ kòtò róbótó síbi tí omi kò jìn, abo a yé ẹyin síbẹ̀, lẹ́yìn náà a kó gbogbo ẹyin sí ẹnu, a sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi pa, tí àwọn ọmọ yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a gbẹ́ gbogbo adágún kí ó jìn dọ́gba, kò rò ti ẹja. Etí tí kò jìn ni wọ́n ti ń bímọ, inú koríko ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ń sá pamọ́ sí. Síbẹ̀ ibi jíjìn kan gbọ́dọ̀ wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn àti ọyẹ́ lè fa omi tó 5 sí 7 mílímítà lọ lójúmọ́ kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú títí dé ìparí oṣù Ẹrẹ́nà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, a kò sì tíì ka èyí tí màlúù mu àti èyí tí ilẹ̀ fà mu. Adágún tí kò jìn ju mítà kan àbọ̀ lọ lè di ẹrẹ̀ kí òjò tó padà dé. Bí ó bá ní mítà 2 àbọ̀ tàbí 3 ní ibì kan, ìyókù ẹja yóò rí ibi fi orí pamọ́ sí, àwọn ni yóò sì kún adágún padà lọ́dún tí ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a sáà kó ilẹ̀ jọ dí odò ni, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kọ́kọ́ ń ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò pẹ̀lú gbogbo gbòǹgbò àti ọ̀gán tí ó wà níbẹ̀, nítorí gbòǹgbò tí a bá bò mọ́ inú ògiri yóò jẹrà, ihò tí ó bá sì fi sílẹ̀ ni omi yóò gbà. Lẹ́yìn náà a ń gbẹ́ yàrà sí ìdí ibi tí ògiri yóò dúró, láti etí kan àfonífojì dé èkejì, títí a ó fi kan amọ̀ líle tàbí àpáta, a ó sì fi amọ̀ dáradára dí i padà. Yàrà yìí kò hàn sí ojú nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìdí nìyí tí àwọn tí ń kánjú fi máa ń fò ó. Láti mọ amọ̀ tí ó dára, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ yí i láàrín àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń yí okùn. Bí ó bá gùn tí kò já, ó dára. Bí ó bá fọ́, iyanrìn ni ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìpele ìpele ni a ń kó amọ̀ náà lé ara wọn, tí ìpele kan kò nípọn ju 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. A ń wọ́n omi sí i, a sì ń lù ú, bí àwọn ìyá wa ti máa ń lu ilẹ̀ ilé kí ó lè dán. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí omi gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ gan-an: fún mítà 1 tí ògiri bá ga, kí ìdí rẹ̀ na mítà 3 jáde síwájú. Níbi tí ìgbì ń kọlù ú, a ń to òkúta sí i. Koríko ni a ń gbìn sórí rẹ̀. Igi kò gbọ́dọ̀ hù níbẹ̀, ì báà ṣe máńgòrò tí èso rẹ̀ dùn jù lọ. Bí òkété tàbí akàn bá sì gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dí i.

Gbogbo èyí ni wọ́n ṣe ní abúlé tí a ń sọ. Ògiri wọn kò ní àbùkù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀nà omi.

Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ní orí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá tí a kò kó wá láti ibòmíràn, a máa ń gbẹ́ ojú ọ̀nà kan tí ó fẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó mítà kan sí orí ògiri. Bí adágún bá kún, ibẹ̀ ni omi àpọ̀jù yóò gbà jáde, tí yóò sì padà sínú odò ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá lọ wò ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rò pé kò wúlò. Koríko ni ó kún inú rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀. Ìlò rẹ̀ lè má ju ọjọ́ mélòó kan lọ láàrín ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ̀mí adágún wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ògiri amọ̀ kò lè gba kí omi gun orí rẹ̀. Omi tí ó bá ti orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gé e láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé ẹ̀kọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ra ọmọ ẹja rí i pé, nígbàkúùgbà tí omi bá ń gba ọ̀nà yìí jáde, ẹja ń bá a lọ. Ó ra àwọ̀n onírin, irú èyí tí a fi ń ṣe ilé adìẹ, ó kan igi mọ́lẹ̀, ó sì fi àwọ̀n náà dí ojú ọ̀nà láti òpin kan dé èkejì. Ẹja kò lọ mọ́. Gbogbo abúlé yìn ín. Àwa náà kọjá níbẹ̀, a rí i, a sì sọ fún un pé ó ní làákàyè. A jẹ́wọ́ èyí kí ẹ má baà rò pé àwa gbọ́n ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ní òru kan nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ òjò rọ̀ láti àṣálẹ́ títí di ìdájí. Àgbàrá kó ewé, ẹ̀ka igi àti pòròpórò àgbàdo wá sínú adágún, gbogbo rẹ̀ sì lọ lẹ̀ mọ́ àwọ̀n. Ní kíákíá ó di ògiri kejì. Omi kò rí ibi gbà mọ́, ó ń ga sí i, títí ó fi gun orí amọ̀ ní àárín. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà ní etí abúlé sọ fún wa pé òun gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ìrókò bá wó, òun sì rò pé àrá ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àárín ògiri ti lọ, ó ku ihò tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà kọjá. Ọpẹ́ ni pé kò sí ilé ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ ìdílé mẹ́ta lọ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, ẹja ń kú lọ láàrín ebè, àwọn ọmọ ń fi agbọ̀n ṣà wọ́n. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi jẹ ohun tí ì bá bọ́ wọn fún ọdún púpọ̀.

A lọ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun.

Ó ní, “Bàbá Kátékísì, owó àjọ ni mo fi ra àwọn ẹja wọ̀nyẹn. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń bá omi lọ, ó ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n ń kó owó náà lápò mi. Ṣé ó yẹ kí n máa wò wọ́n níran ni?”

A kò mọ ohun tí a lè dáhùn ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí, ìdáhùn wọn sì rọrùn ju bí a ti rò lọ. Ẹja tí ń bá omi jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bí ojú ti ń rí i. Àwọn tí ó kù nínú adágún ń bímọ, epìyà pàápàá, tí ìyọnu rẹ̀ jẹ́ pé ó ń bí jù. Bí ọkàn ẹni tí ó ni ẹja kò bá sì balẹ̀, kí ó to ọ̀pá irin ní ìbú, kí àyè wà láàrín wọn tí ewé àti pòròpórò lè gbà kọjá, kí ó sì máa lọ wò ó nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni àpò iyanrìn tí àwọn mìíràn fi ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà omi ga kí adágún lè gba omi sí i: ìparun kan náà ni wọ́n ń fà.

Àwọn kan ní abúlé sọ pé kí a fi adágún náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé omi tí ó dúró ń fa àrùn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀yin àgbà rántí sòbìà, bí ó ti ń so ènìyàn mọ́ ẹní fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an. Inú omi tí a ń mu ni ó ti ń wọ ara wa, láti inú kòkòrò wíwẹ́ tí ojú kò rí, ẹni tí ó ní egbò rẹ̀ sì ń gbé e padà sínú omi nígbà tí ó bá wọ ibẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, pọ́ǹpù tí a gbẹ́ àti àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn láti abúlé dé abúlé ni ó lé e lọ. Ní ọdún 2009 Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán ní ilẹ̀ Benin, ní 2011 ó kan Togo, ní 2013 ó kan Nàìjíríà. Àtọ̀sí ajá ni ó ṣì wà. Ìgbín kékeré inú omi ni ó ń gbé e, ọmọ tí ó bá sì tọ̀ sínú adágún ni ó ń fún ìgbín náà ní ohun tí yóò gbé. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Nítorí náà, omi pọ́ǹpù ni kí ẹ máa mu, kì í ṣe omi adágún, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í tọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa wẹ̀ níbi tí koríko omi pọ̀ sí. Ní ti ẹ̀fọn, ọmọ epìyà a máa jẹ ìdin rẹ̀, bí a kò bá jẹ́ kí koríko bo gbogbo ojú omi.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń pa adágún wa láì wó ògiri rẹ̀. Oko òwú pọ̀ ní agbègbè yìí, àwọn kan sì ń ro ó títí dé etí omi. Òjò kan ṣoṣo lè gbé oògùn òwú sínú adágún, kí ẹja sì fò lójú omi ní òwúrọ̀. Èyí tí à ń pè ní endosulfan burú fún ẹja tóbẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba kíún fi ń pa á. Ní 2011 àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò, nínú àdéhùn tí a ṣe ní Stockholm, pé kí a pa á rẹ́. A sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ da oògùn òwú sínú omi láti fi pẹja. Ìyàwó ilé tí ó bá ra irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń ra májèlé fún ọmọ rẹ̀. Kí a fi koríko àti igbó sílẹ̀ yí etí omi ká, tí ó fẹ̀ tó 20 ìṣísẹ̀, kí ọkọ́ má kàn án: yóò sẹ́ oògùn àti erùpẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni awó àti àparò yóò máa yé ẹyin sí.

Ní ti màlúù àwọn Fúlàní, a kò lè sọ pé kí wọ́n má mumi. Kí a yan ibì kan fún wọn, jìnnà sí ògiri, kí a da òkúta sí i kí ẹrẹ̀ má baà pọ̀, kí a sì fi ẹ̀gún sé ìyókù. Pátákò màlúù lórí ògiri amọ̀ burú ju òkété mẹ́wàá lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa ẹja sísìn kò ní rìn jìnnà. Ní Àjàṣẹ́, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dominiki, dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ní 1985, níbi tí a ti ń fi hàn àwọn ọ̀dọ́ bí ẹja, adìẹ àti ọ̀gbìn ti ń bọ́ ara wọn. Kò sì yẹ kí a pe iṣẹ́ yìí ní ti òyìnbó. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ará àfonífojì Ouémé ti ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n ń pè ní whédo sí pápá: odò a kún bò ó, ẹja a wọlé, omi a fà, ẹja a kù síbẹ̀ de olówó rẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀pẹ a padà sí abúlé náà. Wọ́n ti pinnu láti tún un ṣe. Baálẹ̀ ni ó mú wa yí ká, ó sì fi hàn wá bí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ ihò náà ní dídagẹ̀rẹ̀ kí amọ̀ tuntun lè di ti àtijọ́ mú. Àwọn obìnrin ń ru amọ̀, àwọn ọkùnrin ń lù ú. Ọ̀nà omi ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ni ó di okùn ìwọ̀n mú. Ó ti san ìdajì owó àjọ náà, ó ní ìyókù di ìgbà tí òun bá ta iṣu. Òkúta ni wọn kò tíì rí tó, kò sì yẹ kí òjò oṣù Igbe bá ògiri náà ní ìhòòhò. Ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ó lè gbé òkúta, kí ó wá bá wa lẹ́yìn Ìsìn Mímọ́.

Nínú kòtò kan tí ó ṣẹ́kù ní àárín adágún, omi díẹ̀ wà, kò ju ti orúnkún lọ. Àrọ̀ mélòó kan ń mì í. Baálẹ̀ ti fi màrìwò sí i pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ní etí kòtò náà a rí ẹsẹ̀ awó nínú ẹrẹ̀, tuntun ni, ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà.